Ojú Ọ̀nà Tí Alheit Gé Sínú Háídè

Ní ọdún tí ojú Cord darandaran fọ́, Alheit ìyàwó rẹ̀ gbé ọkọ́, ó gé ojú ọ̀nà kan sínú háídè Ellerbrok kí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lè máa rí ilé wá.

Ohun tó ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní Ellerbrok, kàkà kí ènìyàn gé háídè níbi tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sàn kó lọ jí ẹran nínú ìkòkò ẹlòmíràn.

Háídè ni wọ́n ń pe igi kúkúrú náà, háídè náà ni wọ́n sì ń pe ilẹ̀ tó bò. Kò ga ju orúnkún lọ. Ewé rẹ̀ kò tó hóró ọkà, kì í sì í wọ́, òjò dídì ì báà bò ó mọ́lẹ̀ fún oṣù méjì. Àlejò á wò ó, á ní kò wúlò, nítorí kò ṣe é sè, kò sì ṣe é fi kọ́lé. Àwọn ará Ellerbrok kò ní nǹkan mìíràn. Òun ni àgùntàn wọn ń jẹ nígbà ooru àti nígbà òtútù. Òun ni oyin wọn ń fà mu nínú oṣù kẹjọ. Òun ni ìgbálẹ̀ wọn. Wọ́n á fi ọkọ́ ńlá ṣí i tòun ti gbòǹgbò àti erùpẹ̀, bí ẹni ń ṣí èépá lójú egbò, wọ́n á tẹ́ ẹ sábẹ́ màlúù nínú ilé ẹran. Màlúù á tọ̀ sí i, á ṣu sí i, tí òtútù bá sì lọ, wọ́n á kó o lọ sí oko ráì, ọkà búrẹ́dì wọn. Láìsí i, yanrìn lásán ni oko wọn, búrẹ́dì kò sì ní sí.

Nítorí náà ilé kọ̀ọ̀kan ní ìpín tó ti ń gé, òkúta ni wọ́n fi pa ààlà rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá gé lónìí, ó di ọdún méjìlá kí ọkọ́ tó tún kàn án. Gbogbo ìyókù jẹ́ ti àgùntàn, ọkọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló fa òfin yẹn. Bí yanrìn bá ti rí ojú ibì kan yọ sí, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e, kò sì ní mọ ìgbà tí yóò dá a dúró. Ní abúlé tó tẹ̀ lé tiwọn, yanrìn ti bo oko ilé mẹ́ta. Ọmọ Ellerbrok á ti mọ èyí kó tó mọ Àdúrà Olúwa.

Alheit náà mọ̀ ọ́n. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni, agbẹ̀bí sì ni. Ìdajì àwọn tó ń rìn kiri lábúlé yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí.

Cord ọkọ rẹ̀ ti ń da àgùntàn abúlé fún ọdún méjìdínlógójì. Ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n, ara wọn rí bí eérú, ojú wọn dúdú, ilé mọ́kànlá ló ni wọ́n. Kò sí ìkankan tó jẹ́ ti Cord nínú wọn. Ilé tó ń gbé pàápàá kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá di ọ̀pá mú ló ń gbé ilé tó wà lẹ́bàá ọgbà àgùntàn. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Máíkẹ́lì Mímọ́, nígbà tí òdòdó háídè bá ti gbẹ, darandaran á mú ọ̀pá lọ sílé baálẹ̀, á gbé e lé orí tábìlì. Bí baálẹ̀ bá gbé e padà fún un, ó di ọdún mìíràn. Bí baálẹ̀ bá fi ọ̀pá sílẹ̀ lórí tábìlì, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni á tún sọ. Darandaran á kó ẹrù rẹ̀ kí òjò dídì tó dé.

Ti darandaran tó wà níbẹ̀ kí Cord tó gbà á, orúnkún ló dùn ún. Wọ́n fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé àwọn aláìní ní ìlú, níbi tí wọ́n ti ń kó ọkùnrin sí yàrá tiwọn, tí wọ́n ń kó obìnrin sí yàrá tiwọn. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń rí ara wọn, ní ṣọ́ọ̀ṣì, láti ìhà kan sí ìhà kejì. Alheit kì í bẹ̀rù ebi, ó ti jẹ ẹ́ rí. Ilé yẹn ló ń bẹ̀rù.

Ọjọ́ tó mọ̀ pé ojú Cord ti lọ, oòrùn ń ràn gan-an. Ó gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un nínú pápá, ó sì gbọ́ tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ níwájú.

Ó ń wí pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Harm. Ṣé ara ìyàwó ti le?"

Igi juniperi ló ń kí, ó rò pé Harm olóko ni. Igi náà máa ń dúró lóun nìkan láàrin háídè, gígùn rẹ̀ tó ti ènìyàn, ó sì fún léjìká bí ẹni wọ kóòtù. Nínú kùrukùru, kò sí ẹni tí kò kí i rí ní Ellerbrok. Ṣùgbọ́n kùrukùru kò sí lọ́jọ́ náà. Cord dúró, ó ń retí èsì. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan, ó yíjú sí ajá rẹ̀, Strom, ó ní, "Ìgbéraga ti wọ Harm."

Alheit kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó bi í pé láti ìgbà wo.

Cord kò jiyàn. Ó ní láti ìgbà tó ku díẹ̀ kí Àjíǹde dé. Ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé omi gbígbóná sáàrin òun àti gbogbo nǹkan, tí èéfín rẹ̀ ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Òun ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀. Òun ń rí àgùntàn bí wọ́n bá pọ̀.

"Mo ń rí gèlè rẹ, torí ó funfun. Mi ò rí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ mọ́."

"O ò pàdánù nǹkan kan. Arúgbó ló wà lábẹ́ ẹ̀."

"Kì í ṣe níbi tí mo ti ń wò ó," ni Cord wí, ó sì na ọwọ́ sí oúnjẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kan koríko. Alheit sún abọ́ sí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n jọ rò ó. Iṣẹ́ náà ṣì ṣe é ṣe. Strom mọ àgùntàn ju baálẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ Cord sì mọ ilẹ̀. Háídè tí wọ́n gé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn rọ̀ lábẹ́ bàtà bí irun ọmọ àgùntàn. Ti ọdún méje á ta ènìyàn ní kókósẹ̀. Ti ọdún méjìlá ti di igi, á máa ṣẹ́ pẹ́pẹ́. Ẹni tó bá mọ ọdún tí ilé kọ̀ọ̀kan gé ìpín rẹ̀, ó lè dijú kó mọ ilẹ̀ ẹni tó ń tẹ̀, Cord sì mọ̀ wọ́n látòkèdélẹ̀. Ohun tó kù ni kí abúlé má mọ̀.

Alheit wá ń tẹ̀ lé e jáde. Ó mú ìbọ̀sẹ̀ tó ń hun lọ́wọ́, ó ní afẹ́fẹ́ pápá ń ṣe òun láǹfààní. Àwọn obìnrin rí i, wọ́n sì rí ohun tí wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gesche, ìyàwó Harm, ni ẹnu rẹ̀ mú jù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àbà rẹ̀, ó ké sí i.

"Ìyá Alheit, ìyàwó tuntun! Ṣé ẹ̀rù ń bà yín pé àgùntàn á gbà á lọ́wọ́ yín ni?"

Alheit ní ó ti tó mẹ́ta nínú àwọn abo náà tó ń wo Cord lọ́nà tí kò tẹ́ òun lọ́rùn. Gesche rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́. Nílé Gesche, Alheit ni wọ́n ń pè bí ọmọ bá ń bọ̀, òun náà ni wọ́n ń pè bí wọ́n bá fẹ́ wẹ òkú.

Ìkórè ráì ló ba ètò yẹn jẹ́. Ẹni tó bá ń gbé ilé abúlé gbọ́dọ̀ lọ di ìtí ráì fún àwọn olóko, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sí àwáwí. Nígbà ìkórè, Cord yóò dá wà. Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní kí wọ́n dán an wò. Alheit dúró sílé níjọ́ kan.

Oòrùn wọ̀. Àgùntàn dé, Strom ló kó wọn wálé. Cord kò sí lẹ́yìn wọn.

Alheit bá a láàrin adágún tí àgùntàn ti ń mu omi àti ilé, níbi tí igi kankan kò sí. Ó jókòó. Igi juniperi kan tó kọlù lọ́nà ti ha á lójú. Kò ju ẹgbẹ̀ta ìṣísẹ̀ lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn wọn.

Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí kò pariwo. Cord ní bí òun bá pariwo, ẹni tó bá wá, kì í ṣe òun nìkan ni á rí. Yóò rí ojú fífọ́ òun pẹ̀lú.

Ó wá sọ ohun tó ṣe é. "Láti adágún dé ilé, ọkọ́ kan kò kàn án rí. Ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo ẹ̀. Kò sí ibi tí ẹsẹ̀ lè dì mú."

Alheit fà á dìde, ó gbọn koríko kúrò lára rẹ̀, wọ́n lọ sílé. Ó ro ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi sùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, tí ìrì ṣì wà lórí háídè, ó gbé ọkọ́ ńlá, ó ti bárò síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn ara rẹ̀.

Ẹsẹ̀ méjì ni fífẹ̀ rẹ̀. Ó gé e dé yanrìn, kí ẹsẹ̀ má bàa ṣiyèméjì. Àádọ́ta ìṣísẹ̀ ló ń gé lójúmọ́ kan, lẹ́yìn náà á lọ fún wàrà Bunte, màlúù rẹ̀, á sì lọ dáná. Iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ní ọjọ́ kẹrin kò lè di síbí mú. Cord fi ọ̀rá àgùntàn pa ọwọ́ rẹ̀ fún un, kò sì béèrè ohun tó bó o. Ohun tó gé, ó kó o wálé, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ Bunte, nítorí obìnrin Ellerbrok kò lè fi háídè tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ kó jẹrà sórí ilẹ̀. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá rí i nínú ilé ẹran òun, olè ni wọ́n á pè é. Ó kó o síbẹ̀ náà.

Ọjọ́ kejìlá ni ó dé adágún.

Lọ́jọ́ yẹn ó jẹ́ kí Cord dá bọ̀ láti adágún, òun dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó rí i tó dúró, tó fi ọ̀pá kan ẹ̀gbẹ́ kan, tó fi kan ẹ̀gbẹ́ kejì. Cord bọ́ bàtà pákó rẹ̀, ó gbé e lọ́wọ́, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín dé ilé, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, àgùntàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ó ní, "Ta ló la ọ̀nà yìí?"

"Àgùntàn ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Àgùntàn tó mọ títọ́ tó báyìí, ó yẹ kí wọ́n fi jẹ baálẹ̀."

Cord na ọwọ́, ó wá ojú Alheit kàn, ó fi àtàǹpàkò nu yanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀ kúrò.

Ìkórè lọ dáadáa. Alheit ń di ìtí ráì, Cord ń da ẹran, àgùntàn kan kò sọnù. Inú Alheit dùn bí ó ti dùn nígbà tó ṣe ìyàwó. Ayọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó ro ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Ellerbrok ì bá rò.

Nígbà tó ń gé ọ̀nà náà, háídè ṣì jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ewé dúdú, igi pupa rẹ́súrẹ́sú. Ènìyàn lè kọjá ní ogún ìṣísẹ̀ kó má rí ìlà yanrìn kan láàrin rẹ̀. Ní àárín oṣù kẹjọ, gbogbo rẹ̀ tanná lẹ́ẹ̀kan náà, láti ẹsẹ̀ abúlé dé ibi tí ojú kò lè dé mọ́, elésè àlùkò kan ṣoṣo. Ọjọ́ Àìkú ni. Àwọn ènìyàn jáde láti ṣọ́ọ̀ṣì lórí òkè, wọ́n wo ìsàlẹ̀. Ìlà funfun kan là á láàrin gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi òòyà ya irun ọmọbìnrin sí méjì. Adágún ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn Cord ló parí sí.

Alheit dúró láàrin wọn, ó rí i bí wọ́n ti rí i. Ó di apá Cord mú. Cord béèrè pé kí ló dé tí gbogbo wọn fi dákẹ́. Alheit ní háídè ti tanná.

Carsten, baálẹ̀, fi ẹsẹ̀ rìn ọ̀nà náà láti òpin dé òpin ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, òun nìkan. Ó wo inú ilé ẹran Alheit. Nígbà tó padà, ó ní kí gbogbo ilé wá sábẹ́ igi óákù, níbi tí abúlé ti ń péjọ.

Ó béèrè pé ta ló gé e. Harm ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ẹ jẹ́ ká bi ọ̀nà náà. Mi ò rí olè tó la ọ̀nà fún àwọn tó ń bọ̀ wá mú un rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú wọn. Afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé yanrìn létí adágún, gbogbo wọn ló rí i. Alheit mọ̀ pé Cord ti ń mí èémí tí ọkùnrin máa ń mí bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó gbé bàtà pákó rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀.

Ó ní, "Èmi ni."

"Kí lẹ fi ṣe, Ìyá Alheit?" ni Carsten bi í.

"Mo tẹ́ ẹ sábẹ́ màlúù mi."

Carsten wò ó. Ó wo Cord, ó wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo Alheit.

"Ẹ ní ìpín tiyín."

"Ó jìnnà. Ìbàdí ń dùn mí."

"Nítorí màlúù ni."

"Nítorí màlúù ni mo wí."

Ẹnì kan lẹ́yìn wí pé olè ni, ọ̀lẹ sì tún ni. Gesche ni. Kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Carsten dájọ́ bí òfin ti wí. Kí Alheit gé háídè tòun ti erùpẹ̀ láti inú ìpín ara rẹ̀, kó fi dí ojú ọ̀nà náà títí ẹnikẹ́ni kò fi ní rí yanrìn mọ́. Fún òtútù méjì, kò gbọ́dọ̀ gé fún ara rẹ̀ níbikíbi. Gbogbo wọn mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Màlúù tí kò ní ìtẹ́lẹ̀ kò lè la òtútù já lórí ilẹ̀ tútù, oko kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wọn kò sì ní rí ajílẹ̀. Alheit ní òun gbọ́.

Nígbà tí wọ́n wọlé, Cord ti ilẹ̀kùn. Ó wá jókòó sórí àpótí, ó ní òun á padà lọ sọ ọ́. Alheit ní kó lọ, kó sọ ọ́, kó sì bá wọn ka iye ibùsùn tó wà ní yàrá àwọn ọkùnrin nílé àwọn aláìní.

"Wọ́n pè ọ́ ní olè lójú mi."

"Ojú wo?" ni Alheit wí.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Cord kó tó mọ̀. Alheit náà rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà Cord gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé, Alheit sì jẹ́ kó sunkún. Ó ń fi ọwọ́ tó ti le bí epo igi pa á lórí.

Wọ́n jọ dí ọ̀nà náà ni. Alheit ń gé láti ìpín wọn, ó ń ti bárò wá, Cord ń kúnlẹ̀ tẹ́ ẹ ní òwúrọ̀ kó tó kó ẹran jáde, nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí etí kan ti bá etí kejì. Wọ́n tẹ́ ẹ dé adágún. Nígbà tí wọ́n parí, ẹni tó bá dúró lókè ṣọ́ọ̀ṣì kò rí nǹkan kan mọ́.

Ṣùgbọ́n àlẹ̀mọ́ ni àlẹ̀mọ́ í jẹ́. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ jẹ́ ọlọ́dún mẹ́rin, torí ìdájọ́ kò jẹ́ kí wọ́n dúró de ọdún méjìlá; ó rọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì ga ju ìyókù lọ díẹ̀. Cord fi ẹsẹ̀ lásán gbìyànjú rẹ̀, ó lọ dé adágún, ó padà.

Ó ní, "Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ti àkọ́kọ́ máa ń kó yanrìn sáàrin ìka ẹsẹ̀ mi."

Alheit rò pé ó ti tán nìyẹn. Ó fi okùn fa Bunte lọ sí ọjà kí òtútù tó dé, kò wẹ̀yìn, ó fi owó rẹ̀ ra ráì.

Ọjọ́ Máíkẹ́lì Mímọ́ pé. Ó bá Cord lọ sílé baálẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìyàwó darandaran máa ń dúró. Cord ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ti jọ kà á nílé, ó dé ibi tábìlì, ó gbé ọ̀pá lé e. Carsten jókòó, ó ń wò ó. Kò tètè gbé e. Alheit gbọ́ bí aago ara ògiri ti ń dún, ó sì ń ka ibùsùn lọ́kàn rẹ̀.

Carsten dìde, ó gbé ọ̀pá. Cord na ọwọ́, ó na án sí ibi tí ọ̀pá kò sí. Carsten gbé ọ̀pá lọ bá ọwọ́ náà níbi tó wà, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ pa ìka Cord dé mọ́ ọn.

"Àgùntàn ilé mi á ti wà lẹ́nu ọgbà lówùúrọ̀, Bàbá Cord."

"Wọ́n á bá mi níbẹ̀," ni Cord wí.

Carsten sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Cord ti bọ́ síta lọ bá Strom. Baálẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ fún Alheit pé òun rìn ọ̀nà yẹn dé òpin. Ipa ẹsẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo ló wà nínú yanrìn, ojú ọ̀pá sì wà ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀, léraléra, láti adágún dé ilé.

"Ẹni tó ń wá ìtẹ́lẹ̀ màlúù kì í gé e tọ́ bẹ́ẹ̀," ló wí.

Alheit ní, "Ẹ mọ̀, ẹ sì dá mi lẹ́jọ́ olè."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé màlúù ni, mo sì gbà yín gbọ́. Bí mo bá gba òmíràn gbọ́, mi ò lè gbé ọ̀pá yẹn fún un. Ẹran ilé mọ́kànlá ni, kì í ṣe tèmi nìkan. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ màlúù, Ìyá. Lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀, àti ní gbogbo ọdún tí ẹ bá fẹ́ kó fi di ọ̀pá mú."

Alheit gbé e yẹ̀ wò níbẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́. Ó ní màlúù ni, ó sì lọ bá ọkọ rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni Cord tún fi da ẹran. Ó kú lórí ibùsùn tirẹ̀, ẹ̀yìn Alheit kan ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn ti fura pé kò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n àgùntàn ń pé, wọn kò sì yọ ara wọn lẹ́nu. Kò sí ẹni tó so ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ìlà funfun tí wọ́n rí lọ́jọ́ Àìkú. Ìlà yẹn ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lọ́kàn wọn: olè ni Alheit.

Ní òtútù kejì lẹ́yìn ìdájọ́, nígbà tí Cord ṣì wà láàyè, ọmọbìnrin Gesche ń rọbí. Agbẹ̀bí mìíràn kò sí nítòsí, wọ́n ránṣẹ́ pe Alheit. Ó ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán, ọmọ náà fi ẹsẹ̀ wá, ó sì gbà á láàyè. Ọkùnrin ni. Ó fi ọmọ náà sí àyà ìyá rẹ̀, ó yíjú sí àpótí aṣọ tó wà lábẹ́ fèrèsé, èyí tí wọn kì í tì, tí Alheit ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí nílé yẹn fún ọgbọ̀n ọdún, kó mú aṣọ tí yóò fi wé ọmọ.

Gesche ti dúró níwájú àpótí náà. Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde lápò, ó ṣí àpótí, ó yọ aṣọ kan, ó tún un tì, ó sì wá gbé aṣọ náà fún un.